Raspberry Pi 4 kọ̀ láti gbéra láti orí SSD tí mo so mọ́ ihò USB

Ọmọ_Káàdì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin ọ̀gá wa níbí. Mo ní Raspberry Pi 4 kan (kọ̀ǹpútà kékeré orí pátákó kan ṣoṣo), onírántí 4GB, tí mo ń lò bíi sáfà kékeré fún ìpamọ́ fáìlì. Orí káàdì SD ni ètò ìṣiṣẹ́ rẹ̀ ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n káàdì kì í pẹ́ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, nítorí pé tọ̀sán-tòru ni ẹ̀rọ náà ń kọ nǹkan sórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi pinnu láti kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí SSD (dírááfù tí kò ní ohun tí ń yí nínú), tí mo sì ra wáyà tí ó ní àdápútà SATA sí USB 3 lórí.

Mo fi Raspberry Pi Imager kọ Raspberry Pi OS sórí SSD náà láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, mo yọ káàdì kúrò, mo ki SSD bọ ihò aláwọ̀ búlúù, mo sì tan iná sí i. Ohun tí ó ń ṣe kò bára mu. Nígbà mìíràn, ojú ìwé àyẹ̀wò tí Pi 4 máa ń gbé wá bí kò bá rí ibi tí yóò ti gbéra ni yóò hàn, tí yóò máa wá káàdì, tí yóò máa wá USB, tí yóò sì tún máa yí i po. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àwọ̀ òṣùmàrè yóò yọ, àwọn ìlà ọ̀rọ̀ yóò sáré kọjá, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé ibi tí ó ti kọ uas_eh_abort_handler, ibẹ̀ ni yóò dúró sí gbọnin-gbọnin. SSD náà kò ní àléébù, nítorí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àkàndé_K

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti EEPROM, ìrántí kékeré orí pátákó tí bootloader, ètò tí ó ń jí Pi, wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Pi 4 jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2019, kò lè gbéra láti orí dírááfù USB rárá. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 ni ẹ̀dà bootloader tí ó mọ USB, tí ó sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, tẹ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́. Pátákó tí wọ́n bá ti ṣe ṣáájú ìgbà náà, ẹni tí ó ni ín ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di tuntun. Ẹ fi káàdì yín gbéra, kí ẹ wá tẹ àwọn àṣẹ yìí:

sudo apt update
sudo apt full-upgrade
sudo rpi-eeprom-update -a
sudo reboot

Bí ó bá padà dé, ẹ tẹ sudo rpi-eeprom-update láìfi nǹkan kan kún un, yóò sọ déètì ẹ̀dà tí ó wà lórí pátákó fún yín. Bí káàdì tí ó ní ètò ìṣiṣẹ́ bá ti bàjẹ́ tán pátápátá, Imager ní ẹ̀dà bootloader kan tí a lè kọ sórí káàdì òfìfo. Ẹ ki í bọ Pi, ẹ tan iná, kí ẹ sì dúró títí iná kékeré aláwọ̀ ewé yóò fi máa ṣẹ́jú léraléra láìdáwọ́ dúró. Bí ẹ bá so síkíríìnì mọ́ ọn, ojú rẹ̀ yóò di àwọ̀ ewé láti òkè dé ilẹ̀.

Onísùúrù

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n Àkàndé tọ̀nà fún pátákó tí kò tíì mọ USB rí, ṣùgbọ́n kò bá ohun tí ẹni yìí ń rí mu. Ẹ tún ìbéèrè rẹ̀ kà. Ó ní òun máa ń rí uas_eh_abort_handler nígbà mìíràn. Kernel, ọkàn ètò ìṣiṣẹ́, ni ó ń kọ gbólóhùn yẹn, kì í ṣe bootloader. Bí káàdì kò bá sí nínú Pi, tí kernel sì ti ń sọ̀rọ̀, a jẹ́ pé orí SSD yẹn kan náà ni bootloader ti gbé kernel wá. EEPROM ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí a sọ ọ́ di tuntun, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni ìṣòro wà.

Nǹkan tí ó bá ń ṣe dáadáa lónìí, tí ó ń kọṣẹ́ lọ́la láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, iná ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ihò USB mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó wà lára Pi 4, 1.2A ni gbogbo wọn jọ ń pín. SSD lè má jẹ tó bẹ́ẹ̀ bí ó bá jókòó jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá tí a bá tan án, tí ó ń jí, tí Pi fúnra rẹ̀ náà ń jí, àwọn méjèèjì ni yóò jọ fa iná lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ṣájà bá lágbára, kò séwu. Bí ó bá jẹ́ ṣájà fóònù, tàbí tí wáyà rẹ̀ gùn tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, iná tí ó dé ọ̀dọ̀ Pi yóò rẹlẹ̀ ju 5V lọ. Bí ó bá ti ń lọ sí ìsàlẹ̀ 4.63V ni Pi yóò ti ké gbàjarè, àdápútà SATA náà a sì máa dákú kó tó kan Pi.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣe àyẹ̀wò kan fún wa. Ẹ fi káàdì gbéra, kí ẹ jẹ́ kí SSD wà nínú ihò rẹ̀, kí ẹ da fáìlì ńlá kan kọ sórí rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ vcgencmd get_throttled, tí ó ń sọ bóyá iná ti kéré. Kí ó sọ 0x0 ni a ń fẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ irú ṣájà tí ẹ ń lò pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n ṣe fún Pi 4 jẹ́ 5.1V, 3A.

Dírááfù_Mẹ́ta

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Onísùúrù nípa EEPROM, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé iná nìkan ni. Gbólóhùn yẹn ní UAS nínú, UAS ni ọ̀nà tuntun tí kernel ń gbà bá dírááfù USB 3 sọ̀rọ̀, tí ó máa ń fi iṣẹ́ púpọ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìdúró de èsì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn àdápútà kan wà tí wọ́n ń sọ pé àwọn gbọ́ UAS, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá ti pọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọn á kàn dákẹ́ ni. Kernel yóò dúró dè wọ́n, yóò pa iṣẹ́ náà rẹ́, yóò tún un rán, yóò tún pa á rẹ́. Ohun tí ẹ ń wò lójú síkíríìnì nìyẹn.

Oògùn rẹ̀ ni kí a sọ fún kernel pé kí ó fi ọ̀nà àtijọ́ bá àdápútà náà sọ̀rọ̀. Ẹ fi káàdì gbéra, kí ẹ so SSD mọ́ ọn, kí ẹ tẹ lsusb. Ẹ ó rí ìlà kan tí ó ní nọ́ńbà méjì tí àmì kólọ́ọ̀nù wà láàárín wọn. Ti JMicron sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 152d, ti ASMedia sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 174c. Ká ní 152d:0578 ni tiyín, ẹ ó ṣí fáìlì cmdline.txt tí ó wà lórí SSD, ibi tí àwọn àṣẹ fún kernel wà, ẹ ó lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà rẹ̀ pátápátá, ẹ ó sì kọ èyí, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀:

usb-storage.quirks=152d:0578:u

Ìlà kan ṣoṣo ni gbogbo ohun tí ó wà nínú cmdline.txt gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí ẹ bá ṣèèṣì tẹ Enter níbẹ̀, ohun tí ó bá bọ́ sí ìlà kejì kò ní dé ọ̀dọ̀ kernel, ètò ìṣiṣẹ́ náà lè má gbéra mọ́, ẹ ó sì máa dá àdápútà lẹ́bi. Ìpín kékeré tí fáìlì yẹn wà nínú rẹ̀ jẹ́ FAT, nítorí náà kọ̀ǹpútà èyíkéyìí ló lè ṣí i, Windows tàbí Mac. Láti inú Pi tí ó bá ti gbéra láti orí SSD, /boot/firmware/cmdline.txt ni ọ̀nà rẹ̀ láti ìgbà Bookworm ti ọdún 2023. Ṣáájú ìgbà náà, /boot/cmdline.txt ni.

ÌyáLínúksì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Ọ̀rọ̀ quirks yẹn ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹni tí ó béèrè mọ ohun tí yóò pàdánù. Bí ẹ bá pa UAS, àdápútà yóò máa gba iṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kíka fáìlì ńlá kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àmọ́ ibi tí fáìlì kéékèèké bá ti pọ̀, bíi ti ibi ìpamọ́ dátà, ẹ ó rí i pé ó falẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí ẹ fi quirks ṣe àyẹ̀wò: bí ìṣòro bá lọ, ẹ ti mọ ọ̀daràn, ẹ lọ ra àdápútà mìíràn tí àwọn ènìyàn ti lò pẹ̀lú Pi 4, tí UAS rẹ̀ kì í dá wàhálà sílẹ̀. SSD tí ẹ ra lówó gọbọi, kò yẹ kí àdápútà tí kò tó nǹkan máa fà á lẹ́sẹ̀.

Ọ̀nà àyẹ̀wò kan tún wà tí kò gba àkókò rárá. Ẹ yọ SSD kúrò nínú ihò aláwọ̀ búlúù, kí ẹ ki í bọ ihò dúdú. USB 2 ni ìyẹn. Bí ó bá gbéra níbẹ̀ láìṣe wàhálà, ọ̀rọ̀ wà láàárín àdápútà àti USB 3. Bí ó bá ṣì ń ṣe ségesège, ẹ padà síbi ọ̀rọ̀ iná tí Onísùúrù sọ.

Ẹ sì fi ọwọ́ líle ki USB 3 bọ ihò rẹ̀ o. Inú lọ́hùn-ún ni àwọn irin márùn-ún tí ó jẹ́ ti USB 3 wà, ti USB 2 ni ó wà níwájú. Ẹni tí ó bá rọra ń tì í díẹ̀díẹ̀, Pi lè ti kí USB 2 káàbọ̀ kí ti USB 3 tó dé, dírááfù yóò sì máa rìn bí ìgbín láìjẹ́ pé nǹkan kan bàjẹ́. Ẹ tẹ lsusb -t kí ẹ wò ó: 5000M ni ó yẹ kí ẹ rí níwájú rẹ̀, bí ẹ bá rí 480M, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tún un kì.

Pátákó_Kékeré

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tí ó ní Pi 3 má lọ máa wá rpi-eeprom-update. Pi 3 kò ní EEPROM bootloader. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni OTP, ìrántí kékeré inú ṣíìpù tí a lè kọ nǹkan sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a kò sì lè pa rẹ́ mọ́ láéláé. Ẹ ó fi program_usb_boot_mode=1 sí ìsàlẹ̀ config.txt (fáìlì ètò Pi) lórí káàdì, ẹ ó fi káàdì náà gbéra, lẹ́yìn náà ẹ ó tẹ vcgencmd otp_dump | grep 17: kí ẹ wo èsì. Bí ó bá sọ 17:3020000a, ó ti wọlé. Gbogbo Pi 3 ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é fún.

Àkàndé_K

Kì í ṣe gbogbo Pi 3 o, Pátákó_Kékeré. Pi 3B ni ó nílò rẹ̀, kì í ṣe 3B+. Wọ́n ti tan án fún 3B+ láti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, kò sí ohun tí ẹ óò fi kún un. Ẹ̀dà 1.2 ti Pi 2 náà ṣeé ṣe é fún, nítorí irú ṣíìpù kan náà ni ó ní. Àti pé, lẹ́yìn tí ẹ bá rí 3020000a tán, ẹ yọ ìlà yẹn kúrò nínú config.txt. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, tí ẹ wá ki káàdì kan náà bọ Pi 3B ẹlòmíràn, ẹ ti kọ ọ́ sí OTP tirẹ̀ náà nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò lè yọ ọ́.

Ní ti Pi 1, Pi Zero, àti àwọn Pi 2 àkọ́kọ́, kò sí OTP kankan tí yóò mú wọn gbéra láti orí dírááfù USB nìkan. Káàdì gbọ́dọ̀ wà nínú wọn. Fáìlì bootcode.bin nìkan lè wà lórí káàdì náà, tàbí kí gbogbo ìpín boot wà níbẹ̀, kí a sì yí root= inú cmdline.txt, tí ó ń sọ ibi tí ètò ìṣiṣẹ́ wà, sí ìpín tí ó wà lórí dírááfù. Èyí kejì ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kò fi bẹ́ẹ̀ yan dírááfù láàyò. Lẹ́yìn tí kernel bá ti gbéra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tí ó tún ń kọ sórí káàdì náà, ìyẹn ni kò sì fi ní tètè bàjẹ́.

Ọmọ_Káàdì

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ṣe àwọn àyẹ̀wò náà. get_throttled sọ 0x50005. Ṣájà fóònù ni mo ń lò lóòótọ́, wọ́n kọ 5V 3A sí i lára, ṣùgbọ́n wáyà rẹ̀ gùn. lsusb sọ 152d:0578, bí ẹni pé Dírááfù_Mẹ́ta ń wo ojú síkíríìnì mi. Nínú ihò dúdú, ó gbéra dé ìparí, àmọ́ àmì mànàmáná, ìkìlọ̀ pé iná kò tó, ń yọ lókè síkíríìnì. Ìbéèrè mìíràn ni pé ṣé ó di dandan kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun lórí SSD ni, àbí mo lè da káàdì mi àtijọ́ kọ sórí rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ètò tí mo ti ṣe sórí rẹ̀?

Onísùúrù

Ẹ jẹ́ kí n tú 0x50005 fún yín. 5 tí ó wà ní ìparí jẹ́ àpapọ̀ 1 àti 4: 1 ni pé iná kéré ní ìṣẹ́jú yìí gan-an, 4 ni pé Pi ti ń dín eré ara rẹ̀ kù nítorí rẹ̀. 5 ti iwájú ń sọ pé irú nǹkan méjèèjì yìí ti ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti tan án. Ká ní 0x50000 ni ẹ rí, a ó sọ pé ó ṣẹlẹ̀ ó sì ti kọjá. Tiyín ṣì ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́.

Ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà kò tó nǹkan tí a ń gbára lé bí wáyà bá gùn. Ṣájà fóònù púpọ̀ ni ó ń fúnni ní 5V géérégé, tí wáyà yóò sì jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ti Pi fi jẹ́ 5.1V, tí wáyà rẹ̀ kò sì ṣeé yọ. Ẹ pààrọ̀ ìyẹn ná kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Bí ẹ bá fi quirks sí i nígbà tí iná ṣì ń kù díẹ̀ káàtó, ẹ kò ní mọ èyí tí ó ṣe ìwòsàn nínú méjèèjì.

Títí_Lọ

Lórí dídà káàdì kọ: ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí PARTUUID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìpín dírááfù. Bí ẹ bá lo àṣẹ dd, tí ń da dírááfù kọ bí ó ti rí gan-an, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ó wà lórí káàdì ni yóò wà lórí SSD náà, láìyọ ẹyọ kan. Bí ẹ bá wá jẹ́ kí àwọn méjèèjì wà lára Pi pọ̀, cmdline.txt yóò ní kí kernel wá PARTUUID báyìí-báyìí, kernel yóò sì rí méjì. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ jí ni yóò mú, káàdì ni ó sì sábà máa ń jẹ́. Ẹ óò rò pé orí SSD ni ẹ wà, ẹ óò máa fi nǹkan pamọ́, láì mọ̀ pé orí káàdì ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá yọ káàdì ni gbogbo iṣẹ́ náà yóò dà bí èyí tí ó pòórá. Ẹ tẹ findmnt / kí ẹ wò ó. Bí ó bá sọ /dev/mmcblk0p2, orí káàdì ni ẹ wà. Ti SSD ni /dev/sda2.

SD Card Copier tí ó wà nínú Raspberry Pi OS ní àpótí kékeré kan fún New Partition UUIDs. Bí ẹ bá fi àmì sí i, yóò fún SSD ní nọ́ńbà tuntun, yóò sì tún cmdline.txt àti /etc/fstab ṣe fúnra rẹ̀. Òun ni kí ẹ lò. Ẹ dá àwọn ètò tí ń kọ dátà dúró kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o, pàápàá ibi ìpamọ́ dátà, kí ẹ má baà da fáìlì tí wọ́n ṣì ń kọ lọ́wọ́ kọ.

Ohun kan tí n kò ní gbàgbé láti fi kún un: ẹ yí BOOT_ORDER, ìtòlẹ́sẹẹsẹ ibi tí Pi ti ń wá ohun tí yóò fi gbéra, padà sí 0xf14, kí USB máa ṣáájú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́jọ́ tí ẹ bá gbàgbé káàdì sínú Pi, orí káàdì ni yóò gbà lọ.

Àkàndé_K

Ohun tí Títí_Lọ pè ní ewu yẹn gan-an ni èmi ń fẹ́. 0xf41 ni ó máa ń wà lórí Pi 4, ọwọ́ ọ̀tún ni a sì ti ń kà á: 1 ni káàdì, 4 ni USB, f ni pé kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Bí ihò káàdì bá ṣófo, kò gba Pi ní àkókò kankan kí ó tó bọ́ sórí USB. Ṣùgbọ́n bí ètò ìṣiṣẹ́ orí SSD bá kọṣẹ́, n óò kàn ki káàdì kan bọ̀ ọ́, n óò gbéra láti orí rẹ̀, n óò sì tún ti SSD ṣe. Ẹni tí ó bá fi USB ṣáájú, tí SSD rẹ̀ ń gbéra dé àárín ọ̀nà tí ó sì ń dúró, káàdì kò ní gba á sílẹ̀ àfi bí ó bá yọ SSD, kò sì ní lè tún nǹkan tí ó ti yọ ṣe títí tí yóò fi tún un so lẹ́yìn tí káàdì bá ti gbéra.

Bí Pi náà bá wà níbi tí ọwọ́ kì í tètè dé, ọ̀rọ̀ Títí_Lọ lè ní ìtumọ̀. Ẹ tẹ sudo raspi-config, ẹ wọ Advanced Options, ẹ wọ Boot Order. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ lè lo sudo rpi-eeprom-config --edit.

Títí_Lọ

Ibi tí ọwọ́ kì í tètè dé ni tèmi wà, a jẹ́ pé a kò jà.

Pátákó_Kékeré

Ẹ ṣeun fún àtúnṣe, ẹ̀gbọ́n Àkàndé. Fún àwọn tí yóò ka èyí pẹ̀lú Pi 5, ti ọdún 2023, ọ̀rọ̀ iná tibẹ̀ tún le sí i. Bí ṣájà kò bá sọ fún Pi 5 pé òun lè fúnni ní 5A, 600mA péré ni yóò pín fún gbogbo ihò USB. Bí ó bá rí 5A, yóò jẹ́ kí ó dé 1.6A. Nítorí náà, ṣájà Pi 4 tí ó ń gbé SSD dáadáa lè máa ṣe ìdílọ́wọ́ fún SSD yẹn kan náà lórí Pi 5. Ẹ lè fi usb_max_current_enable=1 sí config.txt bí ó bá dá yín lójú pé ṣájà yín tó o, ṣùgbọ́n ìlà yẹn kì í dá iná tí kò sí. Yíyọ ìdíwọ̀n kúrò nìkan ni ó ń ṣe.

Dírááfù_Mẹ́ta

Bí ẹ kò bá sì fẹ́ pààrọ̀ ṣájà, hub USB tí ó ní iná tirẹ̀ lè gbé SSD. Kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ṣá, nítorí àwọn kan máa ń ti iná padà sínú Pi láti inú wáyà USB. Àmì rẹ̀ ni pé bí ẹ bá yọ ṣájà Pi, iná pupa rẹ̀ kò ní kú. Irú hub bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí Pi tún gbéra dáadáa bí a bá ní kí ó pa ara rẹ̀ kí ó tún jí. Ẹni tí ó sì ń lo dírááfù oníyípo dípò SSD, tí ó gba àkókò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí yí, lè fi program_usb_boot_timeout=1 sí config.txt lórí Pi 3B, ó tún jẹ́ OTP, kì í ṣeé yọ. Pi 4 ń ní sùúrù tó láìfi nǹkan kan kún un.

Ọmọ_Káàdì

Mo ti pààrọ̀ ṣájà sí èyí tí ó jẹ́ ti Pi 4. get_throttled ń sọ 0x0 báyìí, kódà nígbà tí mo ń da fáìlì kọ. Ojú ìwé àyẹ̀wò yẹn kò yọ mọ́, ó ń rí SSD ní gbogbo ìgbà. Àmọ́ uas_eh_abort_handler kò lọ pátápátá nínú ihò búlúù. Kì í dá ìgbéra dúró mọ́, ó kàn máa ń yọ bí mo bá ń da fáìlì púpọ̀ kọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo fi quirks sí i, ó lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Onísùúrù àti ti Dírááfù_Mẹ́ta ni ó jọ ṣẹ. SD Card Copier ni mo fi da káàdì kọ, mo fi àmì sí àpótí náà, findmnt sì sọ /dev/sda2.

Ó ku ohun kan. sudo fstrim -v / ń sọ pé the discard operation is not supported. Ṣé kí n fi ipá tan án? Mo rí i níbì kan pé a lè kọ unmap sínú provisioning_mode.

ÌyáLínúksì

Ẹ má fi ipá tan án kí ẹ tó bi àdápútà léèrè. Ìwé tí ẹ kà yẹn kò parọ́, ṣùgbọ́n ó fo apá tí ó léwu. TRIM ni ọ̀nà tí a fi ń sọ fún SSD pé ibi báyìí-báyìí ti ṣófo, kí ó lè palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Láti kọjá nínú USB, àdápútà ni ó gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀ láti unmap sí èdè SATA. Èyí tí kò bá gbọ́ ọ dáadáa lè pa ibi tí a kò ní kí ó pa, fáìlì yín ni yóò sì bá a lọ.

Ẹ fi sg3-utils sórí Pi, kí ẹ tẹ sudo sg_vpd -p lbpv /dev/sda. Ẹ wá ìlà tí ó sọ Unmap command supported. Bí 1 bá wà níwájú rẹ̀, ẹ lè tẹ̀síwájú, kí ẹ kọ unmap sínú provisioning_mode, kí ẹ sì tún fstrim dán wò. Ẹ ní àdàkọ gbogbo fáìlì yín níbòmíràn kí ẹ tó ṣe é. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ó kọ òfin udev (ètò tí ń ṣètò ẹ̀rọ tí a bá so mọ́ Pi) kan fún 152d:0578 kí ó má baà parẹ́ nígbà tí Pi bá tún gbéra. Bí 0 ni ẹ bá rí, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. SSD ní ọ̀nà tí ó ń gbà palẹ̀ ara rẹ̀ mọ́ láìsí TRIM, ẹ sì lè ràn án lọ́wọ́ bí ẹ bá fi apá kan dírááfù náà sílẹ̀ láìpín, àgàgà bí ó bá jẹ́ tuntun tí a kò tíì kọ nǹkan kún.